Àpò Kékeré Tí Kò Dé Inú Oko: Bí Òwú Bt Kò Ṣe Ran Ìdin Pupa Mọ́ ní Gujarat

Àpò méjì ló wà nínú páálí irúgbìn òwú Bt tí wọ́n ń tà fún àwọn àgbẹ̀ ní Íńdíà tẹ́lẹ̀. Èyí ńlá jẹ́ gíráàmù 450. Irúgbìn inú rẹ̀ ni wọ́n ti ki àbùdá bakitéríà bọ̀, tó fi jẹ́ pé ewé, òdòdó àti èso òwú náà ń pa kòkòrò fúnra wọn. Èyí kékeré jẹ́ gíráàmù 120. Òwú lásán ló wà nínú rẹ̀, òwú tí kòkòrò lè jẹ kó sì yó. Òfin ní kí àgbẹ̀ gbin méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbin ńlá, wọ́n ju kékeré nù.

Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni bú wọn. Ẹni tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju éékà mélòó kan lọ, ṣé ó máa wá ya lára rẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi bọ́ ọ̀tá? Ṣùgbọ́n àpò kékeré yẹn ni aṣọ́nà àpò ńlá. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí ìjọba Íńdíà fọwọ́ sí òwú Bt tí wọ́n fi rí ìdin ní ìpínlẹ̀ Gujarat tó ń jẹ òwú náà tí nǹkan kan kò ṣe é. Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, torí pé ẹni tó bá ń rò ó sábà máa ń rò ó bíi pé kòkòrò gbọ́n ju àwọn onímọ̀ lọ. Kòkòrò kò gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Oko tí wọ́n dá fún un ló bá a lára mu.

Ìdin tó wọlé, tó tilẹ̀kùn

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ìdin náà ni Pectinophora gossypiella. Àfòpiná kékeré ni ìyá rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tó ti pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀, òru ló sì ń rìn. Ìdin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láti inú ẹyin rẹ̀ máa ń funfun. Bó ṣe ń dàgbà ló ń pọ́n, ìyẹn ni mo ṣe ń pè é ní ìdin pupa níhìn-ín. Kì í ṣe àlejò ní Íńdíà. Ọdún 1843 ni W. W. Saunders kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò, láti ara èyí tí wọ́n rí níbi tó ti ń ba òwú jẹ́ ní Íńdíà.

Ara èso òwú tó ṣì tutù ni àfòpiná máa ń yé ẹyin sí. Bí ẹyin bá ti pa, ìdin kì í ṣeré níta. Á dá ihò tín-ń-tín sára èso, á wọlé, ihò náà á sì dí lẹ́yìn rẹ̀. Lójú àgbẹ̀ tó ń kọjá, èso tútù yọ̀yọ̀ ni. Nínú rẹ̀, ìdin ń ti ara kóró kan bọ́ sí òmíràn, ó ń jẹ wọ́n, ó sì ń ba òwú tó yí wọn ká jẹ́. Ìgbà tí èso bá tó là ni àṣírí máa ń tú: òwú tó yẹ kó funfun báláú á ti yí àwọ̀, á lẹ̀ mọ́ra, kò ní ṣeé já. Oògùn tí wọ́n bá fín síta kò lè bá a nínú yàrá tó wà. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí lè má rí ìdin pupa rí, àmọ́ òun gan-an ló ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa ẹnu rẹ̀ tí a máa padà nílò. Ìdin pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí òwú. Ilá àti ìbátan òwú mélòó kan lè gbà á dúró, ṣùgbọ́n òwú ni ilé rẹ̀. Alábàágbé kan wà fún un nínú oko náà, Helicoverpa armigera, tí òun kì í yan oúnjẹ ní tirẹ̀: tòmátì, àgbàdo, oríṣiríṣi ẹ̀wà, kò sí èyí tí kò lè jẹ. Nígbà tí gbogbo oko òwú di Bt, Helicoverpa ṣì rí ibòmíràn forí pamọ́ sí, níbi tí májèlé kò ti kàn án. Ìdin pupa kò rí. Ìdí pàtàkì nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú oko kan náà, lábẹ́ májèlé kan náà, òun ló kọ́kọ́ já okùn.

Májèlé tó nílò ìlẹ̀kùn

Bt ni ìkékúrú Bacillus thuringiensis, bakitéríà kan tó ń gbé inú ilẹ̀. Ní 1901, Shigetane Ishiwata rí i ní Japan níbi tó ti ń pa kòkòrò tó ń ṣe sílíkì. Ní 1911, Ernst Berliner rí i ní Jámánì lára kòkòrò inú ìyẹ̀fun, ó sì fi orúkọ agbègbè Thuringia sọ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ ti ń fín in sára ewé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtifi sínú irúgbìn.

Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní Cry ni bakitéríà yìí ń ṣe. Bí ìdin bá gbé e mì, inú ìfun rẹ̀, tí kò kan bí ikùn tiwa, á yọ́ purotéènì náà, àwọn èròjà tó ń da oúnjẹ á sì gé e kúrú. Èyí tó kù á wá máa wá ibi tí yóò dì mọ́ lára ògiri ìfun. Ibi náà ṣe pàtó. Ọ̀kan nínú wọn ni purotéènì tí wọ́n ń pè ní cadherin. Bí májèlé bá dì mọ́ ọn, wọ́n á kóra jọ, wọ́n á lu ògiri ìfun ní ihò, ìdin á ṣíwọ́ oúnjẹ, á sì kú. Èèyàn kò ní irú ìlẹ̀kùn yẹn nínú ìfun rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Cry kò fi lè rí wa gbé ṣe.

Ìlẹ̀kùn yìí ni agbára májèlé náà, òun náà sì ni àìlera rẹ̀. Oògùn tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀, bí ìlẹ̀kùn bá yí àgádágodo padà, ó di ẹni à ń tì síta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, láti ọdún dé ọdún

Ọdún 1996 ni àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òwú Bt tó ń ṣe májèlé Cry1Ac, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Bollgard. Ní Íńdíà, òwú Bt dé oko kó tó dé ìwé òfin. Ní 2001, ìyọnu kòkòrò bo òwú Gujarat mọ́lẹ̀, àwọn oko kan sì wà láàárín wọn tó dúró ṣinṣin bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, irúgbìn tí wọ́n ń pè ní Navbharat 151 ni, àbùdá Bt wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ sí i. Ìjọba ní kí wọ́n jó o. Àwọn àgbẹ̀ tó ti fojú ara wọn rí ohun tó ṣe kò gbà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2002, ìgbìmọ̀ GEAC tó ń ṣàkóso irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí Bollgard. Páálí kan tó nǹkan bíi rúpìì 1,600 nígbà náà, owó gidi lọ́wọ́ àgbẹ̀. Òfin tó bá a wá ni pé kí àgbẹ̀ gbin òwú lásán yí oko rẹ̀ ká: ìlà márùn-ún, tàbí ìdá 20 nínú 100 ilẹ̀ náà, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ibi tí àpò kékeré ti wá nìyẹn. Ní 2006 wọ́n tún fọwọ́ sí Bollgard II, tó ní májèlé méjì, Cry1Ac àti Cry2Ab.

Láàárín ọdún mẹ́wàá, òwú Bt gba ilẹ̀ Íńdíà débi pé ó lé ní ìdá 90 nínú 100 ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin òwú. Òwú tí orílẹ̀-èdè náà ń kórè ju ìlọ́po méjì ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Omi, ajílẹ̀ àti irúgbìn tuntun kó ipa tiwọn níbẹ̀, n kò sì ní gbé gbogbo ìyìn náà fún Bt, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń tà á gbé e fún un.

Ní 2008, àwọn onímọ̀ kó ìdin pupa nínú oko ní Amreli, ní Gujarat. Wọ́n po Cry1Ac mọ́ oúnjẹ wọn ní yàrá ìwádìí. Ìwọ̀n tó ń pa ìdin ibòmíràn kò tó nǹkan fún ti Amreli. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, Monsanto tó ni Bollgard kéde pé nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lásìkò òwú 2009, Cry1Ac kò ran ìdin pupa mọ́ ní agbègbè mẹ́rin ní Gujarat: Amreli, Bhavnagar, Junagarh àti Rajkot. Wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ lọ gbin Bollgard II. Àwọn àgbẹ̀ ti wà lórí rẹ̀ kí ìkéde náà tó jáde.

Bollgard II náà kò pẹ́. Ní àsìkò òwú 2014 ni àwọn ìdin tó ń yè bọ́ lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní Gujarat, ní 2015 ó ti di ìyọnu. Ní 2017 ó ti ba oko jẹ́ káàkiri ìpínlẹ̀ Maharashtra. Nígbà tó fi máa di 2021, ó ti dé Punjab ní àríwá.

Kò sẹ́ni tó fún un ní ayẹta

Ẹni tó ní ayẹta, ó lọ gbà á lọ́wọ́ oníṣègùn ni. Ìdin kò lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo rí i pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú fún èèyàn: wọ́n rò pé kòkòrò jẹ májèlé díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ wá mọ́ ọn lára, ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tí májèlé ràn, ó kú ni. Èyí tí kò ràn, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kí wọ́n tó gbin òwú Bt rárá, nítorí àṣìṣe kékeré kan nínú àbùdá rẹ̀ tó yí ìrísí ìlẹ̀kùn ìfun rẹ̀ padà. Nínú oko òwú lásán, àṣìṣe yẹn kò wúlò fún nǹkan kan, ó tilẹ̀ lè máa dí i lọ́wọ́. Ìgbà tí májèlé dé ló di ọlá.

Ẹ jẹ́ ká fi iye ṣe é. Iye tí mo yàn kàn jẹ́ àpẹẹrẹ, kó lè rọrùn. Ìdin kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà àbùdá méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ká ní nínú 1,000 ẹ̀dà, ẹyọ 1 ló jẹ́ ti ayẹta. Bí a bá kó ìdin mílíọ̀nù kan jọ, ẹyọ 1 péré ni yóò ní i lápá méjèèjì. Nǹkan bí 2,000 yóò ní i lápá kan. Gbogbo ìyókù kò ní rárá.

Ká wá da mílíọ̀nù kan yẹn sórí òwú Bt tí májèlé rẹ̀ le. Àwọn alápá-kan á kú pẹ̀lú àwọn tí kò ní. Ẹyọ kan ló máa kù. Bí kò bá sí òwú lásán nítòsí, ẹni tí yóò bá pàdé lálẹ́ ọjọ́ tó bá di àfòpiná ni ẹyọ kan bíi tirẹ̀ tó yè bọ́ láti oko kejì, gbogbo ọmọ wọn á sì jẹ́ alápá-méjì. Bí òwú lásán bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ọ̀kẹ́ àìmọye àfòpiná tí kò ní ayẹta á máa jáde níbẹ̀, àárín wọn ni ẹyọ kan yẹn máa bọ́ sí. Ọmọ tí wọ́n bá bí á jẹ́ alápá-kan. Alápá-kan kì í sì í yè lórí òwú Bt tó le. Ìsádi ni wọ́n ń pe òwú lásán náà, ibi tí àwọn kòkòrò aláìlágbára ń sá di, kí wọ́n lè máa fẹ́ alágbára, kí ìran rẹ̀ má bàa gbilẹ̀.

Gbogbo ètò yìí dúró lórí ohun méjì: kí ìsádi wà, kí májèlé sì le tó láti pa alápá-kan. Ní Gujarat, ìkíní kò sí. Ìkejì náà mì. Bí alápá-kan bá lè yè, ká rántí pé ẹyọ kan kọ́ la máa fi bẹ̀rẹ̀, 2,000 ni.

Ìdí tó fi yá ní Gujarat

Ohun àkọ́kọ́ ni àpò kékeré, mo ti sọ ọ́. Èrè ìsádi ti gbogbo àgbègbè ni, àdánù rẹ̀ ti àgbẹ̀ kan. Àgbẹ̀ tó gbin in yóò rí i tí ìdin jẹ ìlà márùn-ún rẹ̀, àǹfààní rẹ̀ yóò sì lọ sí oko ẹlòmíràn tó ju tirẹ̀ nù. Òfin tó ní kí tálákà máa dá sọ́wọ́ ará àdúgbò láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, tí kò sì sí èrè kankan tí wọ́n fún un, èmi kò mọ bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe rò pé yóò rìn.

Èkejì ni gígùn àsìkò. Àgbẹ̀ tó bá ní omi máa ń jẹ́ kí òwú rẹ̀ dúró lẹ́yìn ìkórè àkọ́kọ́, kó lè tún so, títí wọ inú oṣù kejì tàbí ìkẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìran ìdin kan kò gbà ju nǹkan bí oṣù kan lọ nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru. Òwú tó bá dúró pẹ́ ń fún un ní ìran méjì, mẹ́ta sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gba inú asẹ́ májèlé kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni òwú kì í ní iye májèlé kan náà láti kékeré dé ọjọ́ ogbó. Bí igi náà bá ń darúgbó, Cry1Ac inú rẹ̀ ń dín kù, inú èso gan-an ni kò sì ti pọ̀ tó ti inú ewé. Ìgbà tí ìdin pupa pọ̀ jù ni májèlé rọ jù.

Ẹ̀kẹta ni mo rò pé àwọn èèyàn kì í sọ tó. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin òwú, irúgbìn tí ìran rẹ̀ dúró ṣinṣin ni wọ́n ń lò. Kóró tó bá jáde níbẹ̀ jọ ìyá rẹ̀. Ní Íńdíà, àmúlùmálà ni, ìyá ọ̀tọ̀, baba ọ̀tọ̀, èyí tí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ padà lọ rà lọ́dọọdún. Lára òbí méjèèjì, ọ̀kan ló sábà máa ń ní àbùdá Bt. Igi tó bá hù ní ẹ̀dà kan dípò méjì. Gbogbo ewé rẹ̀ ní májèlé, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n kóró tó wà nínú èso rẹ̀, ọmọ ni wọ́n, wọ́n sì ti pín ogún: nínú mẹ́rin, mẹ́ta ní àbùdá Bt, ọ̀kan kò ní. Kóró sì ni ìdin pupa ń jẹ. Ìdin alápá-kan tó bá bá kóró tí kò ní májèlé pàdé á jẹ ẹ́, á lókun díẹ̀, kó tó bọ́ sórí èyí tó ní. Èyí tí kò ní ayẹta rárá á kú bó bá ti dé orí èkejì. Kò sí bí èèyàn ṣe lè dìídì ṣètò àtitọ́ alápá-kan dàgbà tó máa dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Keshav Kranthi, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Central Institute for Cotton Research ní Nagpur nígbà náà, wà lára àwọn tó ń pariwo ọ̀rọ̀ àmúlùmálà yìí.

Nígbà tí Jeffrey Fabrick àti Bruce Tabashnik, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn yẹ àbùdá cadherin àwọn ìdin Íńdíà wò, wọ́n gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 2014. Kì í ṣe àṣìṣe kan ló ń rìn káàkiri. Oríṣi mẹ́jọ ni wọ́n rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ba ìlẹ̀kùn náà jẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí ẹni pé ilé mẹ́jọ ní àdúgbò kan, láìbá ara wọn sọ ọ́, yọ ìlẹ̀kùn iwájú wọn kúrò lọ́dún kan náà.

Ẹsẹ̀ kejì tó ń dá gbé ẹrù

Èrò tó wà lẹ́yìn Bollgard II dára. Ìdin tó bọ́ lọ́wọ́ Cry1Ac, Cry2Ab yóò pa á. Ìlẹ̀kùn wọn kò pa pọ̀. Kó lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, májèlé méjèèjì gbọ́dọ̀ máa pa nígbà tí wọ́n jọ dé. Ní Gujarat, ìkíní ti ń kú lọ nígbà tí ìkejì ń wọlé. Ìdin tí Cry1Ac kò ràn mọ́, lójú tirẹ̀, májèlé kan ṣoṣo ló wà nínú òwú onímájèlé méjì. Àti pé òwú Bollgard àtijọ́ àti Bollgard II jọ wà ní oko fún ọdún mélòó kan, èyí àtijọ́ di àtẹ̀gùn: ìdin gun ìkíní, ó fi dé ìkejì. Lára ìdin Íńdíà tí Cry2Ab kò ràn, ìlẹ̀kùn mìíràn ni wọ́n bá níbi tó ti bàjẹ́, purotéènì tí wọ́n ń pè ní ABCA2.

Kòkòrò kan náà, oko mìíràn

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kó wo Arizona, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Kòkòrò kan náà ni, májèlé kan náà, Cry1Ac, láti 1996. Ní 1997, àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀dà ayẹta ti wà níbẹ̀ ní nǹkan bí 16 nínú 100, iye tó bani lẹ́rù ju 1 nínú 1,000 tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lọ. Gbogbo èèyàn ló ń retí pé ilẹ̀ yóò ya. Kò ya. Ẹ̀dà ayẹta yẹn kò pọ̀ sí i. Àwọn àgbẹ̀ gbin ìsádi, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tẹ̀ lé òfin. Ìgbà òtútù tún ràn wọ́n lọ́wọ́: ìdin alápá-méjì kì í la ìgbà òtútù já tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ní ilẹ̀ tí májèlé kò bá ti sí, ayẹta rẹ̀ ń ná an lówó.

Láti 2006 ni Arizona gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n yọ̀ǹda kí àgbẹ̀ fi Bt gbin gbogbo oko rẹ̀, láìsí ìsádi. Ohun tí wọ́n fi dípò ìsádi ni àfòpiná tí wọ́n sin ní ilé ìsìn kòkòrò, tí wọ́n fi ìtànṣán sọ di àgàn, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ òfuurufú tú dà sórí oko. Wọ́n po aró mọ́ oúnjẹ wọn ní kékeré, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá mú ọ̀kan nínú pàkúté, wọ́n á mọ̀ bóyá tiwọn ni àbí ti inú igbó. Láti 2006 sí 2014, àfòpiná àgàn tí wọ́n tú sílẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 11. Alápá-méjì tó bá yè bọ́ nínú òwú Bt, àgàn ni yóò bá pàdé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ìdin pupa ti kúrò nínú gbogbo ilẹ̀ òwú wọn.

Ti Ṣáínà tún jọni lójú jù. Ní àfonífojì odò Yangtze, kò sí ẹni tó fi òfin ìsádi dè wọ́n fún ìdin pupa. Ní nǹkan bí 2008 sí 2010, iye ìdin tó ń yè bọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin irúgbìn tó jẹ́ ọmọ àmúlùmálà, torí pé kò wọ́n. Ọmọ àmúlùmálà, bí a ṣe sọ, ọ̀kan nínú mẹ́rin kò ní Bt. Ìyẹn sọ pé nínú igi mẹ́rin lórí oko wọn, ọ̀kan jẹ́ òwú lásán, tó dúró láàárín àwọn yòókù láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Láìpète rẹ̀, wọ́n ti gbin ìsádi. Iye ìdin ayẹta padà wálẹ̀, ó sì wà nílẹ̀ títí di 2015, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ Ṣáínà àti Tabashnik ṣe gbé e jáde ní 2017.

Òǹkàwé tó bá ń fara balẹ̀ lè dá mi dúró níbí: kóró tí kò ní Bt ló ṣàkóbá ní Gujarat, báwo ló ṣe wá di ìwòsàn ní Yangtze? Ibi tí wọ́n pín in sí ni. Ní Yangtze, odidi igi ni kò ní májèlé. Ìdin tó bá bọ́ síbẹ̀, ì báà ní ayẹta, ì báà má ní, á dàgbà di àfòpiná níbẹ̀. Aláìlágbára ń yè. Ní Gujarat, inú èso kan náà ni kóró onímájèlé àti èyí tí kò ní jókòó tira wọn. Aláìlágbára kò lè dàgbà níbẹ̀, kóró èkejì yóò pa á. Ẹni tí ìdàpọ̀ yẹn ń gbé ró ni alápá-kan nìkan.

Lẹ́yìn 2015

Nígbà tí májèlé inú ewé kò ṣiṣẹ́ mọ́, iṣẹ́ padà sọ́wọ́ àgbẹ̀. Wọ́n ń gbé pàkúté onígbòórùn kọ́ sínú oko, èyí tó ní òórùn tí abo àfòpiná fi ń pe akọ. Bí àfòpiná mẹ́jọ bá kó sínú pàkúté kan lálẹ́, fún òru mẹ́ta léraléra, àkókò ti tó láti ṣe nǹkan nìyẹn. Wọ́n ń gba àgbẹ̀ níyànjú pé kó pa oko òwú rẹ́ kí oṣù kejìlá tó parí, kó fa igi rẹ̀ tu, kó má tò ó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, torí pé inú èso gbígbẹ tó bá kù lára rẹ̀ ni ìdin ń sùn sí di ọdún tó ń bọ̀. Ìdin tó bá fẹ́ sùn bẹ́ẹ̀ a máa fi òwú rán kóró méjì pọ̀, á wọ àárín wọn, á sì dákẹ́. Òun ló fi jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ kóró òwú náà nílò pàkúté, torí ibẹ̀ ni ìdin tí wọ́n kó bá òwú wá ti ń jí.

Àpò kékeré náà yí padà. Ìjọba Íńdíà fàyè gba kí wọ́n po irúgbìn òwú lásán mọ́ ti Bt nínú àpò kan ṣoṣo, kó má dín ní ìdá 5 nínú 100, kí ó má sì sí ohun tí àgbẹ̀ yóò yọ sọ́tọ̀ láti jù nù. Fún ìdin pupa, tí kì í fi èso tó wọ̀ sílẹ̀ lọ sórí igi mìíràn, ọgbọ́n náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ìsádi nílò aláìlágbára tí yóò sá di í, àwọn yẹn sì ti di ẹni ọ̀wọ́n ní Gujarat. Ìdin tó ń bọ́ sórí òwú lásán níbẹ̀ báyìí àti èyí tó ń bọ́ sórí òwú Bt, ọmọ ìyá ni wọ́n, méjèèjì ni òwú náà kì í ṣe ní nǹkan kan.